Ìrọ̀rí Òwú Àràbà Ìyá Mi

Ìrọ̀rí ìyá mi lókìkí ju ìyá mi fúnra rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Tchaourou tí ẹ béèrè ìyá tó ń ṣe kúlíkúlí, wọ́n á bi yín pé èwo nínú wọn, nítorí wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè ìyá onírọ̀rí, ọmọdé tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ pàápàá á fi ọ̀nà hàn yín. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tó bá kú, ìrọ̀rí ni wọn yóò sin, wọn yóò gbàgbé òun sílé. Á ní kí n lọ jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi, pé ẹnu mi ni kò jẹ́ kí ọkọ mi sanra.

Òwú àràbà ló wà nínú ìrọ̀rí náà. Ìyá mi ló ṣa òwú ọ̀hún lábẹ́ igi àràbà kan lọ́nà Goro nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, ó sì kì í títí ó fi le dáadáa. Ìrọ̀rí lásán ni nígbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé bàbá mi lọ fún iṣẹ́ abẹ ìpá ló di nǹkan mìíràn. Ìpá náà ti lọ́ mọ́ ìfun, àwọn ẹbí sì ti ń fojú sọ́nà fún ẹkún. Ìyá mi ti ìrọ̀rí bọ abẹ́ orí rẹ̀ nínú ọkọ̀, bàbá mi sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọlé, ó ń béèrè ẹran. Nígbà tó yá, aládùúgbò wa kan tí ọmọ há sí nínú ní kí wọ́n bá òun gbé ìrọ̀rí yẹn wá. Òun náà padà wálé, tòun tọmọ. Ó parí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń lọ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn láti àdúgbò wa tí ilé rẹ̀ kì í kọ́kọ́ rán ẹni sí ìyá mi.

Wọn kì í kàn béèrè rẹ̀ bí ẹni tọrọ iyọ̀. Ará ilé aláìsàn á wá, á kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, á ní, “Màmá, ẹni wa ń lọ. Ẹ bá wa fún un ní ohun tí yóò fi padà.” Ìyá mi á wọlé, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kristẹni ń wá, Mùsùlùmí ń wá. Katikíìsì ìjọ wa wàásù lọ́jọ́ Àìkú kan pé ìbọ̀rìṣà ni. Nígbà tí àpẹ́ńdíìsì mú un, ìyàwó rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wá.

Òfin kan ló rọ̀ mọ́ ọn: omi kò gbọdọ̀ kàn án. Èmi ni mò ń rán àpò tí wọ́n fi ń bò ó, ẹ lè fọ àpò yẹn bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n oòrùn nìkan ni ìrọ̀rí fúnra rẹ̀ ń rí. Wọ́n ní ẹni tó bá fọ̀ ọ́ ti fọ ìpadàbọ̀ ara rẹ̀ dànù. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nítorí pé òwú àràbà kì í fẹ́ omi náà ni. Àwa kàn ń pa á mọ́ bí a ṣe bá a.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níléèwé, ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun gbé ṣánlẹ̀. Ó ti ń ṣe é tipẹ́, ó ń fi oògùn tí wọ́n ń kiri lẹ́bàá títì tan ara rẹ̀ jẹ, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ikùn rẹ̀ le bíi pátákó. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú tó wà lókè wa. Ìfun rẹ̀ ti lu. Wọ́n là á, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n rán ojú egbò náà pọ̀. Nígbà tó lajú, ìrọ̀rí wà lábẹ́ orí rẹ̀, ìyá mi wà lórí ẹní nísàlẹ̀ ibùsùn. Ìyá mi wò mí bí ẹni tó borí nínú àríyànjiyàn, ó ní, “Ṣé o rí i?”

Mo rí i. Ṣùgbọ́n ibà náà kò lọ. Á lọ sílẹ̀ ní àárọ̀, á tún gbé e ní ọ̀sán, á máa gbọ̀n débi pé ibùsùn irin ń dún. Wọ́n ń fún un ní oògùn lórí oògùn. Kò lè jẹun, nítorí náà wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ iṣan ọrùn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un ní omi àti oúnjẹ. Ojú rẹ̀ jìn wọnú. Èmi tí mo máa ń bá a jà nítorí pé ó sọ̀rọ̀ jù, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ̀rọ̀, kó tilẹ̀ bú mi.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Kétu, tí èdè Nàgó ẹnu rẹ̀, tó lú mọ́ Faransé, máa ń pa ìyá mi lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó pè wá jáde, ó mú wa jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí dókítà bá ní kí ẹ jókòó, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

“Màmá, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kúlíkúlí, ẹ mọ ẹ̀pà tó bu?”

“Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹ̀kúnwọ́ kan nínú rẹ̀, gbogbo òróró á korò.”

“Bon. Mọ̀lẹ́bí èbu yẹn ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín. Ojú ò lè rí i. Àwọn oògùn àkọ́kọ́ ń pa kòkòrò àrùn, wọn ò lè pa èyí. Èyí tí a ní fún èbu, a ti fún un, mais kò ràn án. Ó ti mọ ọwọ́ oògùn náà, ó ń fi í ṣeré.”

Ìyá mi bi í pé ṣé ọmọ òun máa kú ni. Kò gbé ohùn sókè, ó bi í bí ẹni béèrè bóyá òjò máa rọ̀. Dókítà ní oògùn mìíràn wà tó lágbára jù ú lọ, kò sí níbí, òun ti ránṣẹ́ sí Kútọnú, òun sì ń pè wọ́n láràárọ̀. Títí tó fi máa dé, a gbọ́dọ̀ há èbu náà mọ́. Ó ní kì í gbé inú ènìyàn nìkan, ó ń bà sórí ibùsùn, sára aṣọ, sí ọwọ́ ènìyàn, á dúró síbẹ̀ pẹ́. Ara tó le kì í bìkítà fún un. Ẹni tó ní egbò, tó ní rọ́bà nínú iṣan, òun ni èbu ń wá kiri. Ó ní àwọn máa gbé àbúrò mi sí yàrá tirẹ̀, gbogbo ohun tí a kó wá ni a máa fi omi javel tó ń pa kòkòrò fọ̀, èyí tí kò bá ṣeé fọ̀, iná.

Ìyá mi ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí dókítà ní títí kan ìrọ̀rí, orí dúró.

“Ìrọ̀rí kẹ̀? Ìrọ̀rí yẹn ló gbé e dé ibí láàyè.”

Ẹ̀jẹ̀ mi máa ń yára hó. Mo ti dìde, mo fẹ́ wọlé lọ fa ìrọ̀rí ọ̀hún yọ, kí n jù ú síta lójú gbogbo ayé. Dókítà fọwọ́ sọ fún mi pé kí n jókòó. Kò bínú, kò sì pe ìyá mi ní aláìmọ̀kan. Ó kàn sún mọ́ ọn, ó ní, “Màmá, ẹ sọ fún mi. Àwọn wo ló ti sùn lé e rí?”

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyá mi sọ̀rọ̀, ohun tó yẹ kó béèrè nìyẹn. Ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá mi àti ìpá rẹ̀, ó bọ́ sórí aládùúgbò wa àti ọmọ tó há, ọmọ ọ̀hún tó ti lọ́kọ báyìí. Ó dé orí katikíìsì, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ka àgbẹ̀ tí ejò bù jẹ, ó ka ìyá àgbà tí wọ́n yọ nǹkan lójú rẹ̀. Bó bá ka ẹnì kan, á ní, “Ó padà wálé,” á sì fi ọwọ́ lu orúnkún. Èmi gan-an gbàgbé pé mò ń bínú. Mo rántí gbogbo àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, àti bí ilé wa ṣe máa ń dà bí ilé tó ní nǹkan, tí a kò sì ní ju ìrọ̀rí lọ.

Lẹ́yìn náà ló dé orí ẹni ìkẹyìn, awakọ̀ ẹrù kan lójú ọ̀nà Tchatchou. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, itan rẹ̀ fọ́. Ó pẹ́ gan-an ní ilé ìwòsàn ńlá yìí kan náà, nínú wọ́ọ̀dù gígùn yẹn kan náà, ìrọ̀rí wà lábẹ́ orí rẹ̀. “Ó ní rọ́bà lọ́rùn bíi ti ọmọ mi yìí,” ni ìyá mi wí. “Ó padà wálé.” Ọwọ́ rẹ̀ kò dé orúnkún. “Ó padà wálé,” ó tún wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “mais egbò itan yẹn ò gbẹ. Ibà ń gbé e, ibà ń sọ ọ́ kalẹ̀. Lórí ibùsùn rẹ̀ ni mo ti lọ gba ìrọ̀rí láàárọ̀ ọjọ́ tí ikùn ọmọ mi le. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé orí sókè kí n lè yọ ọ́.”

Ẹyẹ kan ń jẹ máńgòrò lókè wa, ó ń ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

Dókítà ló kọ́kọ́ dá sí i. “Màmá, n kò sọ pé ibẹ̀ ló ti wá o. Ó lè jẹ́ ibùsùn wa ni. Ó lè jẹ́ ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ pàápàá. A ò lè mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò lè fọ inú ìrọ̀rí yẹn.”

Mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, fún ìbínú, fún èpè pàápàá. Ìyá mi béèrè pé kí wọ́n fún òun ní ìbọ̀wọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ lẹ́yìn náà ni pé, “Awakọ̀ yẹn ń kọ́? Ṣé kò yẹ kí ẹ wò ó?” Dókítà ní ó yẹ gan-an. Níbẹ̀ náà ni ìyá mi ti ní kí n fi fóònù mi pè é, ó ní kó wá lọ́la, kó má ṣe dúró de ọjọ́ ọjà Tchatchou tí ọkọ̀ máa ń pọ̀, kó sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ìyá onírọ̀rí ló ní kí òun wá. Ó wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí èbu nínú egbò náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni ilé iná wà, tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ na ọwọ́ láti gba ìrọ̀rí, ìyá mi ní rárá, òun lòun ki òwú sínú rẹ̀, òun lòun yóò gbé e lọ. Ó dúró díẹ̀ níwájú iná. Ó ní, “O ṣeun. O ti ṣe tìrẹ,” ó sì jù ú sí i. Òwú àràbà kì í bá iná jiyàn. Kó tó di pé mo nu ojú mi tán, kò sí ìrọ̀rí mọ́. Èmi ni mò ń sunkún, òun ń bọ́ ìbọ̀wọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ń yí i síta sínú, ó ń bi ọkùnrin náà pé níbo ni ọṣẹ wà. Orí mi wú lọ́jọ́ yẹn. Mo wò ó láti ẹ̀yìn, obìnrin kúkúrú pẹ̀lú aṣọ tó ti ṣá, mo sì ní nínú mi pé, èyí ló bí mi.

Láti ìgbà náà, àánú àwọn tó ń wá kí aláìsàn máa ń ṣe mí. Ẹbí wa láti Ṣábẹ̀ kún inú bọ́ọ̀sì kékeré kan wá, bí a ti í ṣe, tàwọn tiṣu wọn, tàwọn tàdúrà wọn, gbogbo ọwọ́ sì ń yún láti kan aláìsàn lórí. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní tata, ló ṣáájú wọn, obìnrin tí ẹnìkan ò sọ rárá fún rí láyé.

Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ kú ìrìn, tata. Ẹ kí i lójú fèrèsé.”

“Ojú fèrèsé! Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ kí ni, àbí olè tí wọ́n tì mọ́lé?”

“Ẹni kan péré ló lè wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin, omi nìyí, ọṣẹ nìyí.”

Tata fọ ọwọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyá mi ní kó bọ́ òrùka, kó tún un fọ̀. Ó tún un fọ̀. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ ilé ìwòsàn tí kò bá a mu rárá, ó wọlé, ó jáde, ó ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti ya wèrè. Àwọn tó kù sì tò sójú fèrèsé, wọ́n ń ké orúkọ àbúrò mi, wọ́n ń gbàdúrà láti ìta, wọ́n ń pariwo débi pé àwọn wọ́ọ̀dù mìíràn ń ṣe àmín. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá mi ní Majò, orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀gá wọn, ìyá mi sì ń jẹ́ ẹ.

Oògùn náà dé láti Kútọnú nínú àpótí oní-yìnyín. Dókítà gbé e wọlé fúnra rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ìyàwó wálé. Kò ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n parọ́. Ọjọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ rántí, tí èmi àti ìyá mi kì í wo ojú ara wa. Lẹ́yìn náà ni ibà fẹsẹ̀ fẹ́ẹ, kò sì padà. Wọ́n yọ rọ́bà ọrùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan àbúrò mi ní òun fẹ́ jẹ wàgáṣì, wàrà Fúlàní, kí wọ́n dín in kó gbẹ, pé èyí tí èmi máa ń dín kì í gbẹ. Ó bú mi. Mo jáde lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

A gbé e wálé, ó rù bí igi ìdáná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi wọlé. Gbogbo àdúgbò tú jáde. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí: “Ìrọ̀rí ti tún ṣe é!” Àwọn kan ń jó. Ìyá mi ń dúpẹ́, ó ń mi orí, n kò sì mọ ohun tó ń rò. Mo rò pé yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́?

Kò pẹ́ sígbà náà, ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn obìnrin ń bá ìyá mi yan ẹ̀pà nínú àgbàlá, ọkùnrin àgbẹ̀ kan gun alùpùpù wọlé láti Sanson. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Oyún ìyàwó rẹ̀ dábùú nínú, wọ́n ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà sì búra pé òun kò ní jáde nílé láìsí ìrọ̀rí. “Màmá, ẹ bá wa fún un ní ohun tí yóò fi padà.”

Mo sún mọ́ ìyá mi, mo sọ sí i létí pé òwú wà nílé, aṣọ wà, kí ó fún mi láyè díẹ̀, màá rán òmíràn tí ẹnìkan ò ní mọ̀ yàtọ̀. Ire ni mò ń rò. Ojú tó fi wò mí, ọjọ́ tí mo jí ẹja jẹ nígbà èwe ni mo ti rí i kẹ́yìn.

Ó fi igi ìro-ẹ̀pà sílẹ̀. Ó ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ó ní ìrọ̀rí kò sí mọ́, òun fi ọwọ́ ara òun sun ún. Ó sọ ohun tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ fún wọn, ó fi ẹ̀pà tó bu ṣàlàyé fún wọn bí dókítà ti ṣàlàyé fún un. Kò dárúkọ awakọ̀ tó ṣeé ṣe kí èbu náà ti ara rẹ̀ wá. Ó ní kò sẹ́ni tó dá a lójú pé ìrọ̀rí ló gbé e wá, ṣùgbọ́n pé láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má gbé ohun tí kò ṣeé fọ̀ lọ sí ìdí ẹni tí wọ́n là lára, ìbáà jẹ́ ohun tí òun ìyá onírọ̀rí fi lé e lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ìyàwó katikíìsì gbé abọ́ rẹ̀, ó ní oúnjẹ òun wà lórí iná, ó lọ. Ẹnìkan kùn pé bí ènìyàn bá ti dàgbà, kò yẹ kó máa ba nǹkan rere jẹ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Mo ti fẹ́ fi ìbínú dá a lóhùn, ìyá mi ní kí n dákẹ́.

Ọkùnrin náà ṣì wà nílẹ̀. “Kí ni kí n wá sọ fún un?” Omi ti wà lójú rẹ̀. “Kò ní gbà láti lọ. Ẹ̀rù ń bà á, Màmá.”

“Ta ló máa wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀?”

“Kò sí. Ìyá rẹ̀ ti kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Nàìjíríà.”

Ìyá mi wọ inú ilé. A gbọ́ tí omi ń dà sínú bàsíà. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ mímọ́, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọṣẹ àti ìró kan tó ti fọ̀ wà nínú àpò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù.

“Dìde nílẹ̀. Èmi ni kí o gbé lọ.”

Ó dìde, eruku wà láyà rẹ̀. “Ẹ̀yin fúnra yín, Màmá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìrọ̀rí ò lè fọ aṣọ rẹ̀, kò lè bu omi fún un mu, kò sì lè lé àwọn ẹbí rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi lè ṣe é. Ó yá, gbé mi.”

Ọkùnrin náà fi fìlà rẹ̀ nu ìjókòó ẹ̀yìn alùpùpù, ìyá mi sì gùn ún. Wọ́n gba ọ̀nà Sanson, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí n kò fi rí wọn mọ́, mo sì yípadà sí àwọn tó kù nínú àgbàlá, mo ní kí wọ́n máa yan ẹ̀pà lọ, pé ìyá mi ti lọ síṣẹ́.